Harriet Powers: Ẹrúbìnrin tó fi abẹ́rẹ́ àti òwú pìtàn ayé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ rò ó yóò pe ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n àkísà gan-an kọ́ ni àwọn àgbà ń wí, ohun tí ojú ti rí ni. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìyá aláwọ̀ dúdú kan wà tó kó ìrépé aṣọ jọ, tó gé wọn, tó rán wọn pọ̀, tó sì fi wọ́n pìtàn ayé láti ìgbà Ádámù àti Éfà títí dé ìgbà tirẹ̀. Harriet Powers ni orúkọ rẹ̀. Dọ́là márùn-ún péré ni wọ́n fi ra èyí tó kọ́kọ́ gbayì nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú aṣọ náà bí ẹyin ojú.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 1837 ni wọ́n bí Harriet, nítòsí ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí. Láyé ìgbà náà, ẹrú ni ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, olówó ìyá ló sì ni ọmọ. Òwú ni iṣẹ́ àgbẹ̀ tó mú owó wọlé jù lọ ní Georgia. Àwọn ẹrú ló ń gbìn ín, àwọn ló ń ro oko rẹ̀, àwọn náà ló ń já a nígbà tó bá là. Òwú tí wọ́n bá já yóò gba orí omi lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, yóò sì di aṣọ aláràbarà tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Ẹni tó bá rántí èyí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré pé ọmọ tí wọ́n bí sí oko òwú ló wá sọ aṣọ òwú di ìwé ìtàn.

Òfin tí ìpínlẹ̀ Georgia ṣe ní ọdún 1829 kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òpìtàn fi gbà pé Harriet kò mọ̀wé rárá. Ṣùgbọ́n Kyra Hicks, òǹkọ̀wé kan tó tẹ ìwé rẹ̀ nípa ìyá yìí jáde ní ọdún 2009, ṣàwárí àdàkọ lẹ́tà kan tí Harriet kọ ní ọdún 1896. Nínú lẹ́tà náà ló ti ṣàlàyé pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni òun nígbà tí àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òun, tí òun sì ń dá Bíbélì kọ́ fúnra òun lẹ́yìn ìgbà náà. Lẹ́tà yìí yí ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo iṣẹ́ rẹ̀ padà. Kì í ṣe ìtàn tó gbọ́ lẹ́nu oníwàásù nìkan ló rán sára aṣọ, ó ka ìwé náà, ó sì yan ohun tó wù ú níbẹ̀.

Ní ọdún 1855, Harriet fẹ́ Armstead Powers. Ó kéré tán, ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1861, nígbà tó sì parí ní ọdún 1865, òfin tuntun fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Harriet nígbà tí ọdún náà fi parí. Òmìnira dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbé owó tàbí ilẹ̀ lọ́wọ́ wá. Tọkọtaya náà ṣiṣẹ́ oko, ìyàwó ń tọ́jú ilé, ó sì ń ránṣọ. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1880, wọ́n ti ní ilẹ̀ oko kékeré kan tó jẹ́ tiwọn, nǹkan bí éékà mẹ́rin. Fún ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí, ilẹ̀ éékà mẹ́rin kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ.

Kí òye iṣẹ́ ìyá yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ irú aṣọ tó ń rán. Òtútù máa ń mú gan-an ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà ọ̀gìnnìtìn, aṣọ ìbora kan sì wà tí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń rán, tí wọ́n ń pè ní quilt. Ìpele mẹ́ta ni aṣọ náà ní. Ti òkè ni èyí tí ojú ń rí, òun ni wọ́n máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ti àárín ni òwú tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ kó lè mú ooru wá. Ti ìsàlẹ̀ ni aṣọ abẹ́. Wọn yóò wá fi abẹ́rẹ́ gán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí òwú àárín má bàa ṣù jọ sójú kan. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà ṣe ojú òkè. Àwọn kan máa ń gé ìrépé aṣọ ní igun mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn yóò sì rán wọn ní ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn mìíràn máa ń gé aṣọ ní àwòrán ènìyàn, ẹyẹ tàbí òdòdó, wọn yóò ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú, wọn yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí aṣọ tó fẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni Harriet Powers fi di ẹni tí ayé mọ̀.

Iṣẹ́ náà gba ọgbọ́n ju bí a ti rò lọ. Ẹni tó bá ń gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan àwọ̀ tí yóò jẹ́ ilẹ̀ aṣọ, kí ó tó wá àwọn aṣọ mìíràn tí yóò bá a mu tí wọn kò sì ní rì sínú rẹ̀. Bí gbogbo àwọ̀ bá jọra jù, àwòrán kò ní hàn. Bí wọ́n bá sì ń bá ara wọn jà jù, ojú ẹni tó ń wò ó kò ní mọ ibi tí yóò bà lé. Ohun tó máa ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni aṣọ tàbí àwòrán kan náà tó ń padà farahàn níbí àti lọ́hùn-ún. Lára aṣọ Harriet, oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Inú àpótí kan sí èkejì ni a ti ń rí wọn, tó fi jẹ́ pé bí ìtàn tilẹ̀ yàtọ̀ síra, ọ̀run kan náà ló bo gbogbo wọn.

Ní ọdún 1886, Harriet gbé aṣọ kan lọ sí ìpàtẹ ọjà àwọn àgbẹ̀ ní ìlú Athens. Àpótí àwòrán mọ́kànlá ló wà lára aṣọ náà, ó gùn tó íǹṣì mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ó sì fẹ̀ tó íǹṣì márùndínlọ́gọ́rin. Ìrépé aṣọ tó lò lé ní igba dáadáa, òun kan ń fi ọwọ́ rán, ó ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán ibòmíràn. Ádámù àti Éfà nínú ọgbà Édẹ́nì wà níbẹ̀, Káínì tó pa Ábélì wà níbẹ̀, Jákọ́bù tó sùn tó lá àlá àkàbà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtẹ̀bọmi Jésù, Oúnjẹ Alẹ́ ìkẹyìn, ìkànmọ́ àgbélébùú àti Júdásì pẹ̀lú ọgbọ̀n owó fàdákà.

Bó ṣe yan aṣọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ló fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn jù. Níbi Oúnjẹ Alẹ́, ó fi aṣọ funfun onítótòtó wọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó fi aṣọ tó ṣú tí kò ní dídán wọ Júdásì, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ̀ pé ìwà rẹ̀ kò mọ́. Gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn kò tilẹ̀ pé síbẹ̀, ó dín márùn-ún kù nínú wọn. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló fi ṣe owó fàdákà Júdásì. Níbi àgbélébùú, ó fi aṣọ pupa àti dúdú ṣe òkùnkùn tó bo ayé àti òṣùpá tó di ẹ̀jẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó kọ sára aṣọ náà, àwọ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ní ibi ìpàtẹ yẹn ni obìnrin aláwọ̀ funfun kan, Jennie Smith, ti rí aṣọ náà. Olùkọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ni ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Athens, Lucy Cobb Institute. Bó ṣe rí aṣọ náà ni ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó wá ẹni tó rán an kàn, ó sì ní òun fẹ́ rà á. Harriet kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kò sí iye tí wọ́n lè san tí òun yóò tà á.

Ọdún ń gorí ọdún, nǹkan ń le. Iye owó òwú já wálẹ̀ ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ló sì kọ́kọ́ mọ ìyà rẹ̀ lára. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìpàtẹ náà, Harriet ránṣẹ́ sí Jennie Smith pé òun ṣe tán láti ta aṣọ náà, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà kò ní owó lọ́wọ́ nígbà yẹn. Nígbà tó di ọdún 1891, Jennie Smith ló tún ránṣẹ́ padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Harriet dé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, òun àti ọkọ rẹ̀. Orí itan rẹ̀ ló gbé aṣọ náà lé. Ó ti fi àpò ìyẹ̀fun tó fọ̀ mọ́ wé e, ó sì tún ti gbogbo rẹ̀ bọ inú àpò ìdọ̀họ.

Dọ́là mẹ́wàá ló pè é. Jennie Smith dá a lóhùn pé márùn-ún ni òun ní. Harriet jáde lọ bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n fikùn lukùn, ọkọ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gba owó náà nítorí pé ayé le. Ó padà wọlé, ó sì gba dọ́là márùn-ún. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó jókòó, ó ṣàlàyé àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó rà á, ẹni náà sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Jennie Smith tún ṣèlérí pé òun yóò máa tọ́jú ìrépé aṣọ pa mọ́ fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tí Harriet padà lọ sí ilé náà láti wo aṣọ rẹ̀, bí ẹni tó lọ wo ọmọ tó fi sílé onílé.

Ní ọdún 1895, ìpàtẹ ńlá kan wáyé ní ìlú Atlanta, níbi tí Booker T. Washington ti sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo Amẹ́ríkà gbọ́. Wọ́n kọ́ ilé kan síbẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, Jennie Smith sì kó aṣọ Harriet lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìpàtẹ náà ni Harriet rán aṣọ ńlá kejì tí a mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn òpìtàn gbà pé àwọn ìyàwó olùkọ́ Yunifásítì Atlanta ló ní kí ó rán an. Ní ọdún 1898, wọ́n fi aṣọ náà ta Àlùfáà Charles Cuthbert Hall lọ́rẹ. Ará New York ni àlùfáà yìí, ó sì wà lára àwọn alábòójútó yunifásítì náà.

Aṣọ kejì yìí gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ, nínú ìtóbi àti nínú èrò. Àpótí àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀, márùn-ún márùn-ún lọ́nà mẹ́ta. Jóòbù tó ń gbàdúrà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Mósè pẹ̀lú ejò rẹ̀ àti Jónà tí ẹja ńlá gbé mì. Ṣùgbọ́n ó tún kó ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ́ ti Bíbélì. Ó ṣe ọjọ́ òkùnkùn ti ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 1780, nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú lọ́sàn-án gangan ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ ti wá mọ̀ pé èéfín igbó tó ń jó ló fà á. Ó ṣe òru oṣù kọkànlá, ọdún 1833, tí àwọn òkúta ọ̀run ń jó wálẹ̀ bí òjò, tí àwọn ènìyàn sì rò pé òpin ayé ti dé. Wọn kò tí ì bí Harriet nígbà ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì yìí. Ẹnu àwọn àgbà ló ti gbọ́ wọn.

Ó tún ṣe Ọjọ́bọ̀ olótùútù ti ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì, ọdún 1895, èyí tó ṣojú rẹ̀ kòrókòró. Nínú àpótí náà, ènìyàn gan mọ́ ibi tó ti ń gbàdúrà, omi dídì sì rọ̀ sí imú ìbaaka. Kò sì gbàgbé ẹ̀fẹ̀. Ó fi elédè kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Betts, tí ìtàn sọ pé ó sá láti Georgia dé Virginia, ìrìn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta máìlì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti kọ̀wé lórí aṣọ yìí ló rí elédè náà gẹ́gẹ́ bí àmì ẹrú tó ń sá lọ wá òmìnira. Òwe ni Harriet fi pa, ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá ti dé ìlú Abomey ní orílẹ̀-èdè Benin yóò rí ohun tó jọ ọ́. Láyé àwọn ọba Dàhòmì, àwọn aránṣọ ààfin máa ń gé àwòrán ẹranko àti ènìyàn láti ara aṣọ, wọ́n sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ńlá láti fi pìtàn àwọn ọba. Kìnnìún dúró fún Ọba Glele, ẹfọ̀n sì dúró fún Ọba Gezo. Iṣẹ́ náà ṣì ń lọ ní Abomey títí dòní. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti fi aṣọ Harriet wé ti Dàhòmì, nítorí bí àwòrán ènìyàn inú wọn ṣe rí gbọọrọ láìní ojú àti imú, àti bí ìtàn ṣe ń lọ láti àpótí dé àpótí. Jíjọ tí wọ́n jọra yìí ni ẹ̀rí wọn, kì í ṣe ìwé. Ní ti àwa Yorùbá, aṣọ tí a fi ìrépé oríṣiríṣi ṣe kò ṣàjèjì sí wa. A ń rí i lára ẹ̀wù eégún, níbi tí ìran kan ti máa ń fi aṣọ tirẹ̀ kún ti ìran tó ṣáájú.

Ìgbẹ̀yìn ayé Harriet kò rọrùn. Tọkọtaya náà ta ilẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀, ọkọ rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1890, Harriet sì ń fi iṣẹ́ ìránṣọ gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo tí a mọ̀ mọ́ ọn fi í hàn ní ìdúró, ó wọ épírọ́ọ̀nù tó lẹ àwòrán bí oòrùn àti ìràwọ̀ mọ́. Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1910 ló dágbére fáyé, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Inú ibi ìsìnkú àwọn aláwọ̀ dúdú ní Athens, Gospel Pilgrim Cemetery, ni wọ́n sin ín sí. Igbó bo ibẹ̀, ayé sì gbàgbé ojú oórì rẹ̀, títí di ọdún 2005 tí wọ́n tó ṣàwárí òkúta orí ibojì náà.

Aṣọ méjèèjì kò parun. Èyí tí Jennie Smith rà dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ní ìparí àwọn ọdún 1960. Èkejì kúrò lọ́wọ́ ìdílé Hall, akónǹkanjọ kan, Maxim Karolik, rà á, ó sì di ti ilé iṣẹ́ ọnà Museum of Fine Arts ní Boston ní ọdún 1964. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Smithsonian fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà aṣọ àkọ́kọ́ náà ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà láti máa tà. Àwọn obìnrin aránṣọ ìbora káàkiri Amẹ́ríkà fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n ní iṣẹ́ tí ènìyàn fi gbogbo ọkàn rán kò yẹ kó di ọjà olówó pọ́ọ́kú. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 di oṣù kìíní ọdún 2022, Boston pàtẹ aṣọ méjèèjì pọ̀ sí ojú kan. Kò tíì sí ìgbà kan ṣáájú èyí tí àwọn ará ìlú rí wọn papọ̀.

Nínú lẹ́tà ọdún 1896 yẹn, Harriet dárúkọ àwọn aṣọ mìíràn tó ti rán, tó fi mọ́ ọ̀kan tó fi ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Nínú gbogbo wọn, méjì péré ni ayé mọ ibi tí wọ́n wà. Ohun tó sì jẹ́ kí méjì yìí máa bá wa sọ̀rọ̀ ni pé ẹnì kan jókòó, ó béèrè, ó sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá mọ̀ pé aṣọ tó ṣú yẹn, Júdásì ló wọ̀ ọ́? Ta ni ì bá mọ̀ pé Betts ni elédè náà ń jẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Àwọn ìyá wa tó ń fi iyẹ́ adìẹ ya àwòrán sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, àwọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, àwọn tó ń rán ẹ̀wù eégún káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, mélòó nínú wọn ni a mọ orúkọ rẹ̀? A mọ ẹni tó wọ aṣọ náà síbi ìnáwó, a sì mọ iye tó rà á. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láàyè, tí ó sì ní àpótí aṣọ, kí ó lọ jókòó tì í, kí ó ní kí ó ṣí i, kí ó sì béèrè ìtàn aṣọ kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ tó ṣú.